Ó Rẹ̀ Wọ́n

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Yúsírù ní Gáà-Akanbí
ni mo ti gbọ́ pé obìnrin ni ìkòkò.
Ọdún mẹ́rin ló fi já tòmátò ní Àlìmẹríà
kí wọ́n tó dá a padà wálé pẹ̀lú báàgì kan
àti èdè Sípéènì tó kún ẹnu rẹ̀ fọ́fọ́.
Ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn: olla roja.
Ìkòkò pupa.
Bó bá di méjì, ollas rojas,
pupa náà á di púpọ̀,
ìránṣẹ́ kì í jókòó sílé nígbà tí ọ̀gá bá jáde.
Jọ́ọ̀gì ńkọ́?
“Akọ ni. Jarro rojo.”
Mo ní ta ló yẹ̀ wọ́n wò.

Ká má purọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ yà mí lẹ́nu.
Ọmọ Ìlọrin ni mí. Orí ẹní ni mo ti pàdé irú rẹ̀,
ní ilé-kéwú Álífà Bùsàírì,
níbi tí kabírun ti ń di kabíratun
tí pàṣán sì ń ṣọ́ ẹni tó bá gbàgbé.
Lọ́dọ̀ Álífà, oòrùn ni abo, òṣùpá ni akọ.
Lọ́dọ̀ Yúsírù, wọ́n ti pààrọ̀ ṣòkòtò àti ìró.
Oòrùn kan náà ló sì ń gbẹ amọ̀ wa
ní Òkèlele, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tí òun jẹ́.

Àwa náà ń kà, ẹ má rò pé a ò kà.
Ìkòkò ńlá. Ìkòkò ńláńlá.
Kékeré, kéékèèké.
Ṣùgbọ́n a kì í ká aṣọ sókè wò
ká tó pe nǹkan ní pupa.

Ọjọ́rú tí a sun ìkòkò fún obìnrin Gránádà,
ọgọ́rin ìkòkò, àwa méjìlá la wà nídìí iná,
Músílíù, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ń kó koríko wá.
Oníbàárà kọ̀wé wọlé: báwo ni gbogbo yín?
Mo dáhùn lórí fóònù: Estamos cansadas.
Mo fi han Yúsírù kí n tó fi í ránṣẹ́.
Ó mi orí. “Músílíù ńkọ́?
Ọkùnrin kan ṣoṣo bá ti wà láàárín yín,
ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́, gbogbo yín ti di akọ.
Cansados.”

Mo délé, mo rò ó fún ìyá mi.
Wọ́n rẹ́rìn-ín títí igi ìkóná fi bọ́ lọ́wọ́ wọn.
“Músílíù tí kò lè dá okùn ṣòkòtò rẹ̀ dì!
Bi í kó sọ iye ìkòkò tó mọ.”
Sàlámátù ń wọ́n omi èèpo ìrá sára èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde,
ó ń hó ṣàà, ó ń dúdú:
“Òbúkọ tí a so mẹ́yìn ilé ńkọ́?
Ṣé wọ́n ti ka òun náà?”
Mo pa o rẹ́. Mo dá a padà sí a.
Mo mọ̀ pé àṣìṣe ni. Mo tẹ̀ ẹ́, ó lọ.

Lálẹ́, ìyá mi ò jẹun.
Wọ́n dùbúlẹ̀ pẹ̀lú eérú nínú irun,
gìgísẹ̀ wọn sán bí àmù tí oòrùn yára mú.
Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn, ó ní ìyá dà.
Mo ní, “Ó rẹ̀ wọ́n.”

Kò sí akọ níbẹ̀, kò sí abo.
Àárẹ̀ ni ó ṣe iṣẹ́ náà, àwọn ni ó ṣe é fún.
Wọ́n, bí ẹni pé agbo kan ló sùn lórí ẹní yẹn.
Ta ló kọ́ mi? Kò sí ṣọ́ọ̀kì, kò sí pàṣán.
Bí Yúsírù bá bi mí, n ò ní mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé:
ẹnì kan ni,
ṣùgbọ́n bí mo bá ní ó rẹ̀ ẹ́,
mo ti ka ìyá mi kù.